Ìdájọ́ Àwọn Gémù Bùọ̀dá Kúnlé

Nílé wa ní Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìrẹsì ọjọ́ Àìkú láìtíì sọ ohun tó rí nínú ìwàásù. Bàámi ló gbé òfin náà kalẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ ní gbangba, iṣẹ́ tó yẹ kí a máàkì ni lójú wọn. Màámi á gbé àwo kalẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ata á gba gbogbo pálọ̀, Bàámi á sì bi wá ní ìbéèrè méjì: kí ló dára níbẹ̀, kí ló sì kù díẹ̀ káàtó? Ibi tó dára ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àléébù, wọ́n á ní kí o gbé síbí sílẹ̀, kí o tún un rò. Bí o bá sì ní kò sí àléébù kankan, wọ́n á ní o sùn nínú ìsìn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Délé ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ bí a ṣe ń yin oníwàásù fún ohùn rẹ̀ tó já gaara, kí a tó sọ pé ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí oorun fi gbé àwọn akọrin lọ. Lónìí, àwọn ọmọ tèmi máa ń ka èrò àwọn ẹlòmíràn nípa gémù lórí fóònù kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹnì kan á fún gémù ní ìràwọ̀ márùn-ún, á sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i pé, "Ó dùn." Mo máa ń rí Bàámi lọ́kàn mi, tí wọ́n ń sọ fún onítọ̀hún pé kó gbé síbí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, wà pẹ̀lú ìkòkò aró wọn. Aláàdìrẹ ni wọ́n. Láti àárọ̀ kùtù la ti máa ń gbọ́ igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ kí ó lè dán, kò, kò, kò, títí ẹ̀rọ ìlọta tó wà nísàlẹ̀ ilé yóò fi gba ariwo náà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo ń fa omi nínú kànga, Délé ló ń ká aṣọ lórí okùn bí òjò bá ṣú. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúdú mìnìjọ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ kan kò sì ràn án. Ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ Olúwa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà kankan kò sì bi wọ́n léèrè rí. Àgbà tí kì í pariwo ni wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ènìyàn wí, wọ́n á kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," olúwarẹ̀ á sì mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ẹ̀rọ gémù wọ ilé wa. Bùọ̀dá Kúnlé ló fi ránṣẹ́. Àwọn nìkan ni àbúrò tí Bàámi ní. Wọ́n ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní àdúgbò Adígbẹ, ó sì ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ti kan ilé wa gbẹ̀yìn. Ohun tó fà á ni pé wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ tuntun kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n rì wọ́n bọ odò níbẹ̀, wọ́n sì wá ní ọjọ́ Àìkú kan láti sọ fún Bàámi, lórí oúnjẹ, pé omi tí wọ́n ń wọ́n sí ọmọ ọwọ́ lórí kì í ṣe ìrìbọmi.

Bàámi jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Bàbá wa tó sùn sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Odò wo ni wọ́n rì wọ́n bọ̀?"

Bùọ̀dá Kúnlé fi síbí yí ìrẹsì wọn ká nínú àwo.

"Ó dáa," ni Bàámi wí. "Jẹun rẹ tán."

Bùọ̀dá Kúnlé jẹun tán, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Ìyá Àgbà kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lórí ọ̀ràn náà ni pé, "Ẹ̀sìn kan náà ni. Omi tẹnì kan ló kàn pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ." Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá gbọ́ tí ọ̀kadà dúró níwájú ilé, wọ́n á dẹ́kun jíjẹ títí ọ̀kadà náà yóò fi lọ.

Ọ̀kadà kan ló sì gbé páálí kan wá látọ̀dọ̀ wọn, ní ọ̀sẹ̀ tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ dúdú kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú páàdì méjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan nínú ọ̀rá. Délé ti bẹ̀rẹ̀ sí jó. Bàámi wo páálí náà bí ẹni tí ń wo ìwé ọmọ tó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, wọ́n ní, "Ẹ dì í padà. Kí ọlọ́kadà dúró."

Ìyá Àgbà jáde láti ẹ̀yìn ilé, aró ń kán lọ́wọ́ wọn. "Bàbá Délé, bí o bá dá ẹ̀bùn padà, ẹni tó fi ránṣẹ́ lo dá padà. Èmi ò sì ní ọmọ mìíràn ní Adígbẹ."

"Màámi, ẹ̀bùn kọ́ ni. Nǹkan tó ń gba àkókò ọmọdé ni."

Màámi tèmi, ìyàwó Bàámi, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá Délé, mo rò pé nínú ilé yìí, a kì í máàkì ìwàásù tí a kò tíì gbọ́."

Òfin Bàámi ti mú Bàámi. Wọ́n ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Wọ́n wá ka ìdájọ́: a óò yẹ gémù wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń yẹ ìwàásù wò. Bí ọ̀kan bá yege nínú wọn, ẹ̀rọ náà á dúró. Bí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde bá kọjá tí kò sí èyí tó yege, ó di Adígbẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni yóò padà sí Adígbẹ tí yóò sì dúró síbẹ̀.

Gémù tó kọ́kọ́ jẹ́jọ́ ni ti ọkọ̀ òfuurufú. Délé ló gbá a, àwa yòókù jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan tí iná wà. Ó ń yìnbọn, àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàámi wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ni àwọn yẹn ṣe?"

"Ọ̀tá ni wọ́n, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Délé kò tíì rò ó débẹ̀ rí. "Wọ́n ń bọ̀ níwájú, sà."

"Ènìyàn ò wá lè máa bọ̀ níwájú mọ́?"

Délé ronú sí i, ọkọ̀ tirẹ̀ sì fọ́. Bàámi ní ibi tó dára níbẹ̀ ni pé àwọn kò rí i kí Délé jókòó jẹ́ẹ́ tó báyẹn rí. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé a rí ìdájọ́, a kò gbọ́ ẹ̀sùn. Ìyá Àgbà fi tiwọn kún un pé aró ojú ọ̀run inú rẹ̀ kò jinlẹ̀, pé ẹni tó pa á láró kò ní sùúrù. Kásẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ gémù ìbọn láti ìgbà náà wá, tí àwòrán wọn dà bí ojú ayé gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì pupa bí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló lè dáhùn ìbéèrè Bàámi.

Ti eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Bàámi ní àwọn fúnra wọn ni yóò wà á, nítorí àwọn nìkan ló ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nínú ilé. Wọ́n gba páàdì, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ dáadáa, wọ́n sì mú ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ yòókù fò kọjá lára wọn. Bí Bàámi bá dé kọ́nà, wọ́n á rọra.

"Bàbá Délé," ni Ìyá Àgbà wí, "àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lára rẹ o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, mà. Ilé ni gbogbo wa ń lọ."

Àwọn ló gbẹ́yìn. Wọ́n gbé páàdì sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ kò ní kòtò kankan, wọ́n yìn ín fún èyí, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn aláṣẹ wá wò ó. "Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré tó báyìí láti Ìjemọ̀, ó yẹ kí n ti máa ra ẹ̀gẹ́ ní Ìtòrì. Délé, ibo la dé?"

"Ibi tí a ti gbéra ni, sà."

"O rí i."

Èyí tí èmi àti Délé fẹ́ràn jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń fò láti orí òkè dé orí òkè, tó ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Kò sí ìjà púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá fò tètè jù, o ṣubú. Bí o bá fi falẹ̀, òkè náà á lọ. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó ṣe gémù náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí gbogbo ìgbà tí mo ṣubú, mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe gbogbo gémù lo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó tóbi: kò ní ìrántí. Bí o bá pa ẹ̀rọ náà, o di ọmọ tuntun lọ́jọ́ kejì, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní Sátidé kan, Délé gun òkè débi tí a kò dé rí. Ilẹ̀ ṣú, Bàámi ní ó tó, ọjọ́ Olúwa ti dé tán. Délé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí gémù náà dúró lójú kan títí di ọjọ́ Ajé, kí òun má pa á. Bàámi rò ó gidi. Wọ́n ní bí ọmọkùnrin inú rẹ̀ kò bá ti gbé ẹsẹ̀, a kò lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá Àgbà fi àdìrẹ kan bo tẹlifíṣọ̀n náà lórí, kí a má baà máa wò ó.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, a ń dáhùn àdúrà Lítánì lọ́wọ́ nígbà tí àwọn fáànù òkè rọra dúró. Wọ́n ti mú iná lọ. Délé kérora kan tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó sì dojú bolẹ̀ lórí àga. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn wa gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní Ẹ̀mí ń bá ọmọ náà ṣiṣẹ́. Bàámi, tí wọ́n mọ ohun tó ń bá a ṣiṣẹ́, tẹ̀síwájú nínú àdúrà. Nígbà tí a délé, Délé kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí èmi ṣe ìdájọ́ dípò rẹ̀. Mo ní ibi tó dára ni pé ọmọkùnrin náà kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Mo ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn tó ṣe é kò gbé ní Abẹ́òkúta rí. Bàámi ní mo sọ òótọ́, àwọn sì bá Délé kẹ́dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ilé tó ní gémù bẹ́ẹ̀ kò ní lè gbàdúrà fún nǹkan mìíràn ju iná lọ.

Ó ku ti bíríkì àti ti bọ́ọ̀lù, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ní àwọn ló máa gba ti bíríkì rò. Wọ́n ti ń gbá a lọ́sàn-án bí a bá wà nílé ìwé. Màámi ló tú àṣírí wọn. Bíríkì oríṣiríṣi á máa já bọ́ láti òkè, o gbọ́dọ̀ tò wọ́n kí àyè má ṣe sí láàárín. Ọwọ́ Ìyá Àgbà mọ́ ọn, wọ́n ń to bíríkì bí ẹni ń ya àpẹẹrẹ sórí aṣọ. Mo rò pé ẹ̀rọ ti dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàámi bi wọ́n pé kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, Ìyá Àgbà gbé páàdì sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gémù náà yege ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n sì jẹ́ ẹni tí kì í purọ́ nídìí oúnjẹ.

"Ó ní ohun kan," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Bí mo bá tò ó dáadáa, ó ń pòórá. Èyí tí mo bà jẹ́ nìkan ló ń dúró. Iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìrọ̀lẹ́, àṣìṣe mi nìkan ló kù nílẹ̀ tí gbogbo yín ń wò yìí."

Bàámi mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, mà. Mo ti ń ṣe é láti àárọ̀. Mi ò lè wá jókòó máa ṣe é ní ìrọ̀lẹ́."

Kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n padà sídìí ìkòkò aró, wọn kò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ni mo gbé oúnjẹ wọn lọ tí mo sì gbé e padà.

Ó wá ku ti bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni méjì ló ń gbá a. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí Délé fẹ́ gbé e síwájú Bàámi, páàdì kejì kò dáhùn. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, kò sí ohun tó mì. Délé ní kí Bàámi kàn máa wo bí òun ṣe ń bá ẹ̀rọ gbá a. Bàámi kọ̀. Wọ́n ní ìdajì ìwàásù nìyẹn, àwọn kì í sì í dájọ́ ìdajì. Wọ́n ní kí ó mú un lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò.

"Ọdún ni lónìí, wọn ò ṣí," ni Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn fèrèsé. "Ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Bàámi wo ojú wọn. Wọ́n wo páàdì. Wọ́n ní, "Délé, lọ sí Adígbẹ. Sọ pé páàdì ló ń ṣàìsàn. Má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀sán pọ́n tán kí Délé tó dé, òun àti Bùọ̀dá Kúnlé, tí wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká bí ẹni tí wọ́n pè sí iṣẹ́ nílé onílé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Bùọ̀dá. Ẹ kú ọdún."

"Kú ọdún. Páàdì wà lórí tábìlì."

Màámi nìkan ló yọ̀ sí wọn, wọ́n sì fi orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ kí wọn. "Adúmáradán, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Ẹ ti rù."

"Wọ́n ń fún wa, mà. Àwẹ̀ ló pọ̀."

Bùọ̀dá Kúnlé jókòó, wọ́n tú àwọn nọ́ọ̀tì páàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí i. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu fèrèsé, wọ́n tún wò ó. Inú rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀.

"Bùọ̀dá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ wá wo nǹkan."

Bàámi wá. Àwọn méjèèjì tẹ orí pọ̀ sórí páàdì náà. "Aró nìyí," ni Bàámi wí. Wọ́n jùmọ̀ yíjú sí ìyá wọn, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyá Àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. "Ọwọ́ àgbà ń gbọ̀n," ni wọ́n wí.

"Ọwọ́ yín tí kì í ṣìnà lórí aṣọ?"

"Aṣọ kọ́ nìyẹn."

Bùọ̀dá Kúnlé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, láti imú, bí ẹni tó fẹ́ sín. Bàámi gbìyànjú láti fa ojú ro bí olùkọ́, kò ṣeé ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Ìyá Àgbà kàn ń jẹ ẹ̀pà wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí fún àwọn méjèèjì.

Bùọ̀dá Kúnlé fi òwú nu inú páàdì náà, wọ́n dì í padà, ó sì jí. Bàámi gba ọ̀kan, wọ́n na ìkejì sí àbúrò wọn. "Jókòó. Màá yẹ ẹ́ wò."

Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n gbá nínú wọn.

"Bùọ̀dá, ilé ara yín lẹ ń gbá a sí."

"Mo mọ̀. Mo ń kọ́ ọ̀nà."

Nígbà tí Bùọ̀dá Kúnlé gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n fò dìde, wọ́n sì kígbe "Halelúyà!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ sá lẹ́yìn ilé. Bàámi kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń pariwo níbẹ̀?"

"Níbo, sà?"

"Níbi tí wọ́n ti rì ọ́ bọ odò."

Màámi dá ọwọ́ dúró nínú agbada. Ìyá Àgbà di ẹ̀pà mú. Bùọ̀dá Kúnlé rọra jókòó padà. "Ariwo tibẹ̀ ju èyí lọ, sà," ni wọ́n wí.

"Hun." Bàámi tẹ bọ́tìnnì. "Gbá bọ́ọ̀lù rẹ."

Nígbà tí ó parí, Bàámi ni wọ́n nà. Délé bi wọ́n pé kí ló dára níbẹ̀. Bàámi ní ó gba ẹni méjì. Kí ló kù díẹ̀ káàtó? Wọ́n ní rẹfirí rẹ̀ ń ṣègbè. Wọ́n dìde, wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí Bùọ̀dá Kúnlé gbé àpò wọn kọ́ èjìká. Bàámi wọ bàtà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sìn ín sọ́nà. Láti ẹnu ọ̀nà wa, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bàámi níwájú, àbúrò wọn tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ kò jìnnà, ẹni tó bá lọ á padà kí omi ẹ̀bà tó hó. Omi hó, a tẹ ẹ̀bà, Bàámi kò dé. A jẹun, mo fọ àwo, wọn kò dé. Màámi ń yọjú sí ìta. Ìyá Àgbà kò kúrò lórí àga wọn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, eruku ti bo bàtà wọn.

"Ibo lo sìn ín dé?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ilé rẹ̀, mà. Mi ò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀." Bàámi jókòó, wọ́n ń tú okùn bàtà. "Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Òrùlé rẹ̀ ló ń jò. Èmi àti Délé á lọ bá a ṣe é ní Sátidé."

Màámi ti ń dìde láti lọ bu oúnjẹ wọn wá.

"Ẹ má ṣe ìyọnu," ni Bàámi wí. "Mo ti jẹun níbẹ̀."